Bí mo ṣe mú kí xdg-open máa fi ètò tó yẹ ṣí fáìlì PDF

Nígbàkúùgbà tí mo bá pàṣẹ xdg-open (àṣẹ tó ń fi ètò tí a yàn fún irú fáìlì kan ṣí i) fún fáìlì PDF lórí kọ̀ǹpútà Linux mi, ètò tí mo fi ń tún àwòrán ṣe ni ó máa ń ṣí i, dípò Evince tí mo fi ń kàwé. Mo kọ́kọ́ rò pé fáìlì náà ni ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n àṣẹ xdg-mime query filetype fi hàn pé application/pdf ni irú rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Nígbà tí mo wá lo xdg-mime query default application/pdf láti béèrè ètò tí a yàn fún PDF, orúkọ ètò àwòrán yẹn ni ó jáde. Xdg-open kò ṣẹ̀ rárá, ohun tí a kọ sílẹ̀ fún un ni ó ń tẹ̀ lé. Àṣẹ kan ṣoṣo ni ó yanjú rẹ̀:

xdg-mime default org.gnome.Evince.desktop application/pdf

Orúkọ fáìlì .desktop (fáìlì kékeré tó ń júwe ètò kan fún kọ̀ǹpútà) gan-an, bó ṣe wà nínú /usr/share/applications, ni kí ẹ kọ síbẹ̀, nítorí pé «evince» lásán tí mo kọ́kọ́ kọ kò ṣiṣẹ́, èyí ni ó sì gba àkókò mi jù lọ. Inú ~/.config/mimeapps.list ni àṣẹ náà kọ ìyípadà yìí sí.