Bí mo ṣe kó àwọn ọmọ tí omíyalé lé jáde jọ ṣeré ní Òṣogbo

Nígbà tí omi ya wọ ilé àwọn ará àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, inú kíláàsì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń sùn. Mo gbé ìrẹsì lọ fún wọn. Àwọn ọmọdé tí mo bá níbẹ̀ kàn jókòó sẹ́yìn ìyá wọn. Wọn ò jà, wọn ò ṣeré. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá àgbà tí gbogbo wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo mú, mi ò sì jẹ́ kó yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí ilé rẹ̀ wó lóru nílò ohun kan tó dá a lójú pé yóò wáyé lọ́la. Kí wọ́n tó jáde, màá ti ṣa àfọ́kù ìgò àti ìṣó nílẹ̀.

Bojúbojú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe gbáà ni. Bí a ṣe bo ọmọ kan lójú, ó figbe ta: inú òkùnkùn ni omi ti ká wọn mọ́lé. Mo gbé e mọ́ra, a yí sí tẹ́ńtẹ́ń. Àtẹ́wọ́ ń dún, ẹsẹ̀ ń fò, ẹnikẹ́ni ò sì lé ẹnikẹ́ni. Eré ìsápamọ́ àti eré ìléra, mo fi wọ́n sílẹ̀ títí àwọn ọmọ fi bèèrè fún un fúnra wọn.

Bàbá kan ní, "Ṣé àsìkò eré nìyí?" Mo ní, "Ẹ̀tọ́ wọn ni, Bàbá. Ó wà ní ìpín 31 àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 1989." Ọ̀rọ̀ ìwé ò wọ̀ wọ́n létí. Mo wá gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn. Kí àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn tó ka ọmọ ayò 48 sínú ilé 12 tán, wọ́n ti ń pe ara wọn lọ́pẹ̀ẹ́.

Bọ́ọ̀lù dé lọ́sẹ̀ kejì. Ojoojúmọ́ ni mo ń pa ẹgbẹ́ dà, kí ọmọ àdúgbò àti ọmọ inú kíláàsì lè jọ gbá a. Mi ò bi ọmọ kankan léèrè ohun tójú rẹ̀ rí. Ọ̀kan kàn dúró tì mí, ó ní, "Ajá wa bá omi lọ." Mo jókòó tì í. Èyí tí kò rí oorun sùn rárá, mo bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, a jọ mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Eré nìkan ò lè wo ìyẹn sàn.

Lọ́jọ́ kan, òjò ṣú. Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n dákẹ́. Mo ti fẹ́ kó bọ́ọ̀lù nílẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin kékeré kan fà mí láṣọ: "Ẹ̀gbọ́n, aago mẹ́rin ti lù." A bọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.