Bí Mo Ṣe Tú Gíà 4L60-E Palẹ̀ Nílé, Tí Mo Sì Rí Ohun Tó Ń Jó Kílọ́ọ̀ṣì Rẹ̀

Ìbínú ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Gíà ọ́túmátíkì ọkọ̀ mi ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ gíà jẹun. Wọ́n ti tú u, wọ́n ti gbowó, wọ́n sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti di tuntun. Kò pẹ́ tí gíà kẹta fi tún lọ. Mo gbé e padà fún wọn. Wọ́n ní péléètì kílọ́ọ̀ṣì ló jóná, kí n sanwó òmíràn. Mo san án. Ọkọ̀ rìn fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà sí ìwà rẹ̀: gíà kìíní á wọlé, ìkejì á wọlé, bó bá wá kan ìkẹta, ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké lásán, ọkọ̀ ò ní fà mọ́.

Mo bi wọ́n léèrè: kí ló ń jó péléètì yìí gan-an? Èsì tí wọ́n fún mi ni pé bí gíà yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó tí mo san lọ. Kílọ́ọ̀ṣì kì í dédé jóná. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Mo bá pinnu pé èmi fúnra mi ni màá tú u.

4L60-E ni gíà náà. General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú ọkọ̀ akẹ́rù àti jíìpù wọn ní 1993, ẹ ó sì bá a lábẹ́ Tahoe, Yukon, Silverado àti àwọn mìíràn. Ara 700-R4 tó jáde ní 1982 ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún eléyìí. Kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 3-4. Òun ló ń di gíà kẹta àti ìkẹrin mú, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ gíà kìíní, ìkejì tàbí rìfáàsì. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ mi fi ń gbéra dáadáa, tó sì ń fẹ̀yìn rìn dáadáa, tí kò wá lè sáré. Péléètì ò lágbára kankan fúnra wọn. Prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ló ń ti písítìn, písítìn ló ń tẹ péléètì mọ́ra títí wọ́n á fi jọ máa yí. Bí ọ́ìlì bá ń jò lójú ọ̀nà, wọn ò ní lè dira mú, wọ́n á máa yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n á gbóná, wọ́n á sì jó. Bẹ́ ẹ bá fi tuntun sí i láìwá ibi tó ti ń jò, tuntun náà á jó.

Mi ò ní fi bí wọ́n ṣe ń já gíà sílẹ̀ gba àkókò yín. Ẹni tó bá ti já ẹ̀ńjìnnì rí mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ ni pé ó wúwo ju 60 kílò lọ kí wọ́n tó rọ ọ́ìlì sí i, nítorí náà ẹ má ṣe fi àyà gbà á. Ẹ wá jáákì tí wọ́n ṣe fún gíà, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lé orí irin tó dúró gbọin-gbọin, kì í ṣe orí jáákì nìkan. Títú rẹ̀ lórí tábìlì náà kò le bí àwọn èèyàn ṣe ń dẹ́rù bani. Bí mo bá ti yọ nǹkan kan, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo yọ ṣáájú, ojú kan náà ni màá sì jẹ́ kó kọ sókè.

Nígbà tí mo ṣí dúrọ́ọ̀mù, péléètì 3-4 ti dúdú, ohun tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ wọn lára ti ṣí kúrò, irin lásán ló kù. Mo ti retí ìyẹn. Ohun tí mi ò retí ni pé síìlì písítìn ṣì rọ̀, ẹnu wọn ò ya. Páǹpù mọ́, kò sí ibi tó họ. Ibo ni ọ́ìlì wá ń gbà lọ?

Ara ilé gíà fúnra rẹ̀ ni. Nínú ihò ọ́ìlì kan tó já sí ibi tí servo (písítìn tí ọ́ìlì ń tì láti fún bẹ́líìtì inú gíà mọ́ra) wà, kápúsù irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí bọ́ọ̀lù irin ń mì nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà ní gíà kìíní tàbí ìkejì, ihò náà á wà ní ṣíṣí kí ọ́ìlì tó ṣẹ́kù lè ráyè jáde. Bó bá bọ́ sí ìkẹta, prẹ́ṣọ̀ á ti bọ́ọ̀lù náà lọ dí ihò náà. Bí bọ́ọ̀lù tàbí ibi tó ń jókòó lé bá ti jẹ, kò ní lè dí i mọ́, ọ́ìlì tó yẹ kó tẹ péléètì á máa gba ibẹ̀ sá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń gbowó péléètì lọ́wọ́ mi! Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n kò le rárá: mo dojú ilé gíà dé kí ibi tí valve body (irin oníhò tó ń pín ọ́ìlì kiri inú gíà) ń jókòó kọ sókè, mo rọ kẹrosíìnì sínú ihò náà, mo sì ń wo inú. Kẹrosíìnì náà ò dúró rárá. Ó ń ṣàn wọ inú ilé gíà.

Yíyọ kápúsù yẹn ló wá di iṣẹ́. Wọ́n fi ipá gbá a wọlé nílé iṣẹ́ tó ṣe é ni, inú ihò tóóró ló sì wà, kò sí ibi tí ẹnu pọ́láyà lè gbá a mú. Extractor nọ́ńbà 4 ni wọ́n ń lò fún un, ọ̀pá irin tó lọ́, tí wọ́n fi ń yọ bóòtù tó bá kán sínú. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò kò lè di irin mú. Ó wọnú kápúsù, ó yí, ó sì yọ̀. Mo tún un gbá wọlé, ó tún yọ̀. Bó ṣe ń yọ̀ ló ń fá inú kápúsù náà, ẹnu rẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí n má lọ fá ara ihò náà, torí bí aluminium tó yí i ká bá họ, kápúsù tuntun kò ní lè di i mú, ilé gíà odindi ló máa ṣòfò.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo lọ wá extractor tí irin rẹ̀ le. Nígbà tí mo padà dé, mo kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ara ilé gíà. Aluminium máa ń wú ju irin lọ bó bá gbóná, ihò náà á sì dẹwọ́ díẹ̀ lára kápúsù. Mo rọra gbá extractor wọlé, mo yí i títí ó fi jẹ irin, mo wá fi òòlù kékeré máa gbá a láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, jẹ́jẹ́. Ó mì. Mo tún gbá a. Ó jáde.

Mo gbé e síwájú iná. Etí ibi tí bọ́ọ̀lù ń jókòó lé ti jẹ lápá kan, ó ti lu kòtò tí èèyàn lè fi èékánná mọ̀. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi, torí owó kápúsù yìí ò tó nǹkan kan lára owó péléètì tí mo ti san. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá tuntun wọlé, ẹ jẹ́ kí ojú ihò tó wà lára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà ọ́ìlì tó lọ sí servo. Bó bá wọ́, ẹ ti di ọ̀nà náà pa nìyẹn. Ọ̀pá irin ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínṣì ni mo fi gbá a. Mo tún rọ kẹrosíìnì sí i, mo lọ ṣe nǹkan mìíràn, mo padà wá, kò sọ̀.

Títò rẹ̀ padà yá. Mo rẹ péléètì tuntun sínú ọ́ìlì gíà kí n tó tò wọ́n, mo sì fi fáṣẹ́líìnì di àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké mú sí àyè wọn. Ẹ má lo gíríìsì níbẹ̀, kì í yọ́ sínú ọ́ìlì gíà bíi fáṣẹ́líìnì, ó sì lè dí ọ̀nà tóóró. Mo fi afẹ́fẹ́ bíi 40 psi dán kílọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan wò kí n tó gbé páǹpù lé e. Kílọ́ọ̀ṣì tó dáa á dún gbìì lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ṣíí tí kò tán, ó ń jò, ẹ tú u padà.

Mo ra torque converter mìíràn (ohun tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún gíà), mo sì fọ ọ̀nà ọ́ìlì tó lọ sí rádíétọ̀. Ẹ̀rún irin àti péléètì tó jó máa ń sá pamọ́ sí ibi méjèèjì yìí, wọn ò sì fọ èyíkéyìí níbẹ̀ fún mi rí. Bí ẹ bá ń fi converter sí i, ẹ máa yí i bẹ́ ẹ ṣe ń tì í títí á fi wọlé dé ìdí. Bí gíà bá ti pàdé ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí àyè bíi mìlímítà 3 sí 5 ṣì wà láàárín converter àti flexplate (àwo irin tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) kí ẹ tó fa bóòtù rẹ̀. Bí kò bá sí àyè, ẹ má fi bóòtù fà á mọ́ra o, páǹpù ló máa fọ́.

Ọ́ìlì gíà Dexron VI ni mo rọ sí i. Mo wọn ọ́ìlì nígbà tí gíà ti gbóná, tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo gbé e jáde, mo rọra tẹná, ìkẹta wọlé, ó sì dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé tiyín fún ẹlòmíràn tún ṣe, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í bóyá ó máa dán kápúsù yẹn wò. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti tún tèmi ṣe, mo ti já àwo ìdí gíà láti pààrọ̀ fílítà. Lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ eérú díẹ̀ ni mo bá lára òòfà tó wà nínú àwo náà, èyí tí gíà tó dáa náà máa ń ní. Mi ò bá ẹ̀rún dúdú kankan.