Dúrọ́ọ̀mù koríko mi ń rùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí sáílééjì

Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn ní agbègbè Ìkòròdú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè sáílééjì, ìyẹn koríko tútù tí a dì pa kó lè kan, kó má baà jẹrà. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìmọ̀ta ni mo wà. Mo gé eésún, mo kó o sínú dúrọ́ọ̀mù, mo dé e pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí mo ṣí i, ó ń rùn bí ihò ṣáláńgá, ó ń yọ̀, omi dúdú sì dúró sí ìdí rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ mi fi imú kàn án, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Omi ló pọ̀ jù. Nínú 100 kílò eésún ọ̀dọ́ tí a gé lásìkò òjò, omi lè tó 80 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 65 sí 70 ni sáílééjì fẹ́. Irú kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì kan náà ló ń bá wa ṣiṣẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù: ṣúgà inú koríko ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń sọ ọ́ di kíkan, kíkan yẹn ló sì ń pa á mọ́. Bí omi bá ti pọ̀ jù, àwọn tó ń mú nǹkan jẹrà ló máa gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, òjò dá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sáré gé koríko kí òmíràn tó rọ̀, mi ò sá a rárá. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ni mo dà sí ààtàn. Ààtàn náà ni kí ẹ da tiyín sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lọ ẹran.

Ní báyìí, bí mo bá gé e láàárọ̀, mo máa ń tẹ́ ẹ sóòrùn di ìrọ̀lẹ́ tàbí di ọjọ́ kejì. Bí mo bá ti gé e wẹ́wẹ́ tán, màá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, màá fún un gírígírí, màá ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n, kí n tó la ọwọ́. Bí omi bá ń kán láàárín ìka mi, kò tíì yá. Bó bá fọ́n ká lójú ẹsẹ̀, ó ti gbẹ jù. Àmọ́ bó bá dúró bí òkèlè, tó wá ń tú díẹ̀díẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ mi kàn tutù lásán, ó ti tó kó wọ dúrọ́ọ̀mù. Bí òjò ò bá jẹ́ kí ẹ sá a, ẹ po èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ mọ́ ọn, kílò 5 sí 10 fún 100 kílò koríko. Á fa omi mu, á sì tún fún àwọn kòkòrò náà lóúnjẹ.

Ìbéèrè: Tèmi ò rùn, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ bu, ó funfun, ó tún láwọ̀ ewé níbì kan. Ṣé kí n ha á kúrò, kí n fún wọn ní ìyókù?

Ìdáhùn: Atẹ́gùn ló wọlé. Ẹ kó ibi tó bu kúrò pẹ̀lú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún gbóòórùn ìyókù dáadáa. Ẹ má fún abo tó lóyún jẹ nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn rárá. Irú sáílééjì tó bà jẹ́ báyìí lè kó àìsàn tí ń mú ewúrẹ́ àti àgùntàn yí po lójú kan ràn wọ́n, oyún sì lè bà jẹ́ lára wọn.

Nígbà míì, kí ẹ gé koríko náà kó má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Koríko gígùn ò ṣeé kì mọ́lẹ̀. Ẹ máa kó o sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan wọnú dúrọ́ọ̀mù máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ó kún lọ́jọ́ kan náà. Ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e, kí ẹ gbé àpò iyanrìn lé ọ̀rá, kí ẹ tó dé e.

Ìbéèrè: Ewé igi agúnmaniyè nìkan ni mo fi ṣe é. Kò kan.

Ìdáhùn: Ṣúgà inú rẹ̀ kéré, kì í tètè kan. Ẹ po ó mọ́ eésún tàbí àgbàdo tútù, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ìbéèrè: Ewúrẹ́ mẹ́rin péré ni mo ní ní Agbówà. Sáílééjì mi dáa lọ́jọ́ tí mo ṣí i, àmọ́ kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi gbóná.

Ìdáhùn: Dúrọ́ọ̀mù yín ló tóbi ju agbo yín lọ, mà. Ní gbàrà tí ẹ bá ti ṣí i, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́, pàápàá nínú ooru wa níbí. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké tàbí ọ̀rá alápò méjì tí wọn yóò jẹ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló bá yín mu. Ẹ máa bù ú káàkiri òkè rẹ̀, ẹ má gbẹ́ ihò sí àárín, kí ẹ sì tún un tẹ̀ kí ẹ tó dé e padà.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná?

Ìdáhùn: Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Àwọ̀ rẹ̀ á kúrò ní àwọ̀ ewé, á máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, òórùn rẹ̀ á sì dà bí ti ògì tó kan dáadáa. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí òórùn rẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ tó tún gbé e síwájú wọn.