Bí a ṣe ń mú ike ọ̀kadà tó ti ṣá bọ̀ sípò

Ike oríṣi méjì ló sábà wà lára ọ̀kadà, ohun tó ń tún ọ̀kan ṣe sì lè ba èkejì jẹ́ pátápátá. Orúkọ wọn ni PP (polypropylene) àti ABS, ike tó le ju PP lọ. Mọ́dígáàdì dúdú tí kì í dán sábà máa ń jẹ́ PP. Ike ẹ̀gbẹ́ tó bo bátìrì àti èyí tó yí iná iwájú ká, àwọn tó ń kọ mọ̀nà, sábà máa ń jẹ́ ABS. Ẹ tú u, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: lẹ́tà PP tàbí ABS sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi abẹ gé díẹ̀ bí èékánná níbi tí ojú kò dé, kí ẹ rì í sínú omi ọlọ́ṣẹ. PP á léfòó, ABS á rì. Bí lẹ́tà bá wà, lẹ́tà ni kí ẹ gbà gbọ́, torí PP tí wọ́n po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ náà lè rì.

Oòrùn ló ń ṣá ike, ojú òkè pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ ló sì ń bàjẹ́. Ẹ fi ìka nù ún, ẹ ó rí funfun bí ẹfun lórí ìka yín. Ike tó wà lábẹ́ ẹfun yẹn ṣì dára. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi pa á kò fi wúlò: eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, òjò á sì fọ̀ ọ́ dànù. Bẹntiróò àti tínnà tiẹ̀ burú jù. Tínnà ń yọ́ ABS. Bẹntiróò ń jẹ́ kó sán, pàápàá níbi ihò bóòtù.

Ẹ fi omi ọlọ́ṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo ọ̀rá kúrò, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Fún ABS, ẹ fa èékánná kọjá lójú ibi tó họ. Bí èékánná kò bá há, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sáńpépà nọ́ńbà 1500 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sáńpépà ṣe kúnná tó), kí ẹ wá lo 2000. Bó bá há, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 800, kí ẹ wá lo 1000, 1500 àti 2000. Ẹ kọ́kọ́ rẹ sáńpépà sómi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi 800 ha á ní òòró, ẹ fi 1000 ha á ní ìbú, títí tí ẹ kò fi ní rí ilà òòró kankan mọ́. Ẹni tó bá fo nọ́ńbà kan, ìgbà tó bá dán an tán ni ilà yẹn á yọjú, á sì tún iṣẹ́ ṣe. (Ewé ìpín kò ṣeé lò níbí, torí a kò mọ bó ṣe le tó.) Ẹ yẹra fún etí ike, torí bó bá jẹ́ pé wọ́n kùn ún ni, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Bí àwọ̀ mìíràn bá ń yọ lábẹ́, ẹ dúró: ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, ẹ sì ti ń ha á tán. Lẹ́yìn 2000, gbogbo ojú rẹ̀ á ṣú bákan náà bí ìgbà tí èémí bo dígí. Ẹ wá fi kọ́mpáùn (ohun bí ọṣẹ tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà mọ́tò) àti fóòmù rírọ̀ yí i kiri títí á fi dán. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ lẹ fẹ́ lò, ẹ dín eré rẹ̀ kù, torí ABS ń rọ̀ bí ooru bá fi díẹ̀ ju 100°C lọ.

Ẹ má fi sáńpépà kan PP, irun ló máa hù. Heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, irú èyí tí àwọn tó ń lẹ tíńtì mọ́ gíláàsì mọ́tò ń lò, ni tirẹ̀. Ẹ gbé ike náà jìnnà sí ọ̀kadà, torí táǹkì epo. Ẹ di heat gun mú ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ọwọ́ yín má dúró lójú kan. Ẹ ó rí i tí dúdú ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín bí aṣọ tí omi ń wọ̀. Bí ojú kan bá ti ń dán bí omi, ẹ sá kúrò níbẹ̀: ó ti ń yọ́, dídán yẹn kò sì ní lọ mọ́. Ẹ má gbé e títí á fi tutù, kó má baà wọ́. Ẹ má ṣe èyí ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láyé ike kan, torí ooru ń sọ ọ́ di gbígbẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ kùn ún, ẹ kọ́kọ́ fọ́n primer (ọ̀dà ìpìlẹ̀) tó wà fún ike PP sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà á bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ fi wáṣà rọ́bà tuntun sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ yí bóòtù dé òpin, kí ẹ tó fi sípánà kún un díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ike ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán.