Orin Yín Ò Dún Sókè? Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kan Limiter

Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá gba orin sílẹ̀ nínú yàrá yín, tẹ́ ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn onístúdíò ńlá, tí tiyín ń dún bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kòtò, mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ máa ki limiter, irinṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá òkè kan, mọ́ ọn títí tó fi máa fọ́. Èmi náà ti ṣe é rí. Àbúrò mi gbọ́ ọ̀kan tí mo ki báyẹn, ó ní "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa á, ó ń gún mi létí," bẹ́ẹ̀ orin yẹn ò tiẹ̀ tíì dún tó tàwọn ẹlòmíì.

Yàrá lẹ máa kọ́kọ́ wò. Táìsì àti ògiri lásán á máa da ohùn padà sínú máìkì, kò sì sí plugin (irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń tún ohùn ṣe) tó máa yọ ọ́ tán. Ẹ gbé fóòmù tẹ́ ẹ fi ń sùn dúró sẹ́yìn akọrin, torí ẹ̀yìn akọrin yẹn gan-an ni máìkì dojú kọ. Ẹ pa fáànù. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ńkọ́? Ẹ dúró kí iná dé jàre. Tí yàrá ò bá dáa, máìkì dynamic bíi Shure SM58 máa ṣe yín lóore ju máìkì condenser lọ, condenser á gbọ́ títí dórí àkùkọ ìta, ó tún fẹ́ iná 48V látara interface, ẹ̀rọ tó so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà.

Tó bá kan gain, ìyẹn bẹ́ ẹ ṣe máa gbé ohùn máìkì sókè tó, ẹ má fi "hẹlo hẹlo" wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí akọrin kọ ibi tó ti máa pariwo jù, kí mítà wà ní bíi -12 dB níbẹ̀ (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe pariwo tó, 0 sì ni òpin), kó má kan 0 láé, torí tó bá ti pupa, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ yan 24-bit nínú sẹ́tìn ìgbohùnsílẹ̀ kẹ́ ẹ fi gbà á, ẹ ò ní bẹ̀rù pé ó kéré.

Níbi mix, ìyẹn ìgbà tẹ́ ẹ bá ń pa gbogbo ohùn tẹ́ ẹ gbà pọ̀, ni ẹjọ́ wà. Ohùn ìsàlẹ̀ tí etí ò tiẹ̀ gbọ́ dáadáa ló ń jẹ gbogbo àyè tó yẹ kí orin fi dún sókè. Ẹ gé gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ bíi 80 sí 100 Hz kúrò nínú ohùn akọrin, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lè dé 300. Gángan yàtọ̀ o, tẹ́ ẹ bá gé e jù, kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́, èmi máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, mo sì máa ń dín in kù níbi tí akọrin bá ti ń kọ, tó bá wá di ibi tó ti ń dáhùn ni mo tó gbé e sókè. Compressor (irinṣẹ́ tó ń fa ibi tó bá pariwo jù wálẹ̀) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, 3 dB 3 dB, dáa ju ẹyọ kan tó ń fún un lọ́rùn.

Ìgbà yìí ni limiter tó kàn. Ẹ fi òkè ẹ̀ sí -1 dB, kó má gé ju 2 sí 3 dB lọ. Spotify máa fa orin tó bá pariwo jù wálẹ̀ sí bíi -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó létí) fún ẹni tí ò yí sẹ́tìn ẹ̀ padà, kí lẹ wá ń pa á fún?

Ẹ fi fóònù gbọ́ ọ, kí ohùn ẹ̀ kéré gan-an. Tọ́rọ̀ kan bá sọnù, ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ gbé ohùn akọrin sókè ní 1 dB, kẹ́ ẹ tún un gbọ́.