Ìrẹsì Búráùn pẹ̀lú Ẹ̀fọ́, Láìlẹ̀ Mọ́ra

Awọ fẹ́lẹ́ tó ṣì wà lára ìrẹsì búráùn ni kì í jẹ́ kí omi tètè wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ lórí iná. Ṣan ìrẹsì kọ́ọ̀pù 1, dà á sínú omi kọ́ọ̀pù 6 tó ń hó, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí o sè é fún ìṣẹ́jú 30 láìdé e. Tọ́ ọ wò: kó ti rọ̀, àmọ́ kí àárín rẹ̀ ṣì le díẹ̀. Sẹ́ omi rẹ̀ dànù, dá a padà sínú ìkòkò, dé e pa fún ìṣẹ́jú 10 láìsí iná. Má ṣí i wò o! Ooru inú rẹ̀ ló máa parí iṣẹ́.

Ní báyìí, gé àlùbọ́sà 1, kárọ́ọ̀tì 2 àti tàtàṣé 1 wẹ́wẹ́. Din àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì nínú òróró ṣíbí 1 fún ìṣẹ́jú 4, kí tàtàṣé tó wọlé fún ìṣẹ́jú 2. Bí ẹ̀fọ́ bá kún páànù jù, omi ara rẹ̀ ló máa sè é, kò ní dín. Ó sàn kó o pín in sí méjì, kó o dín wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Da ìrẹsì lé e, fi fọ́ọ̀kì tú u. Ṣíbí máa ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, gbé e sí fíríìjì láàárín wákàtí 1. Kòkòrò àìfojúrí inú ìrẹsì tó pẹ́ níta lè tu májèlé tí gbígbóná kò lè pa.