Bí mo ṣe ṣírò iléèwé tí kò gba owó ẹ̀kọ́ àti èyí tí ọkàn ọmọ wà

Lẹ́tà méjì ló wà nílẹ̀ ní Kubwa, l'Ábùjá. Àbúrò mi obìnrin rí àyè láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan níhìn-ín ní Àríwá, irú èyí tí kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́. Lẹ́tà kejì wá láti yunifásítì aládàáni tó ti ń wù ú láti SS1, wọ́n sì bá a dín owó kù. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn ṣírò rẹ̀. Ìwé kan tí mo fi rúlà là sí méjì ni mo lò.

N kò tíì fọwọ́ kan owó tí mo fi wo ojú ìwé rẹ̀ lórí CAPS, ojú òpó tí JAMB fi ń fún ọmọ ní àyè wíwọlé. Àyè ẹyọ kan ni CAPS ń gbé fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ti ìjọba ló sì wà níbẹ̀. Lẹ́tà tí aládàáni fi ránṣẹ́ tààrà kò tíì di nǹkan kan lọ́dọ̀ JAMB, àfi bí ọmọ bá lọ pààrọ̀ iléèwé. ₦2,500 ni JAMB ń gbà fún ìpààrọ̀ náà, owó kékeré tó ti fi àyè bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́: ẹni tó bá ti pààrọ̀ ti sọ ti àkọ́kọ́ nù. Ẹni tó bá sì wọlé láìkọjá lórí CAPS, ọdún tó bá fẹ́ lọ sìnrú ìlú ni yóò mọ̀ pé lẹ́tà JAMB ni NYSC ń wá. Nítorí náà, mo ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ ohunkóhun.

Ẹ̀kọ́ òfin ní ìbéèrè kan tí àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn kò ní. NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, nìkan kọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ òfin, náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn ló sì ń sọ iye ọmọ tí ẹ̀ka òfin kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí Law School, ibi tí ẹni tó gba dìgírì òfin gbọ́dọ̀ kọjá kó tó di lọ́yà. Bí iléèwé bá gba ọmọ ju iye yẹn lọ, àwọn tó ṣẹ́kù yóò gba dìgírì tán, wọn yóò wá jókòó sílé máa dúró de àyè. Mo bi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: èló ni iye tiyín, ọmọ mélòó ló wà ní ọdún kìíní báyìí, àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá ńkọ́, ṣé gbogbo wọn ti lọ? Má bi ọ́fíìsì nìkan. Àwọn ọmọ ọdún karùn-ún ló mọ orúkọ àwọn tó ṣì wà nílé. Ti àwa, ìdáhùn méjèèjì dára, ni mo bá kọjá sórí owó.

Ọdún márùn-ún ni mo ṣírò, kì í ṣe ọdún kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣe, nítorí owó ọdún kìíní nìkan ni lẹ́tà ń sọ.

Ní apá ti ìjọba, "ọ̀fẹ́" kò kan owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìgbàwọlé, ìlera, ìdánwò àti owó ẹgbẹ́. Mo fi ₦150,000 sí ọdún kìíní, ₦100,000 sí mẹ́rin yòókù: ₦550,000. Ibùsùn inú ọgbà kò tó ọmọ, nítorí náà mo kọ yàrá ìta sílẹ̀, ₦300,000 lọ́dún, ìyẹn ₦1,500,000. Oúnjẹ àti ọkọ̀, ₦60,000 fún oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún, ₦2,700,000. Lẹ́yìn náà mo fi ₦500,000 pamọ́ fún ìyanṣẹ́lódì. Ti ASUU lọ́dún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù Kejì, oṣù mẹ́jọ ló sì gbà; onílé kò sì ní yọ oṣù mẹ́jọ kúrò nínú owó rẹ̀. Àpapọ̀: ₦5,250,000.

Aládàáni ń kó ẹ̀kọ́, ibùsùn àti oúnjẹ pọ̀, ₦2,800,000 fún ọdún kìíní. Lójú ẹsẹ̀ èèyàn á sọ pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún rẹ̀ ni mílíọ̀nù mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà sọ ọ́ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ pé owó lè yí padà. Mo béèrè iye tí wọ́n gbà ní sẹ́sọ̀n mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí i pé ó ń lọ sókè ní nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Bí mo ṣe fi ìyẹn ṣe é, ó di ₦18,880,000. Ẹ wò ó dáadáa: àfikún nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ọdún márùn-ún ti ìjọba.

Ẹ̀dínwó wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀kọ́ ni, kò kan ibùsùn àti oúnjẹ. Owó ẹ̀kọ́ jẹ́ ₦1,900,000, nítorí náà ₦475,000 ni wọ́n ń yọ lọ́dún, iye kan náà títí dé òpin. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ CGPA 4.00, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo béèrè pé bó bá bọ́ ní sẹ́sọ̀n kan, tó tún gòkè, ṣé wọn yóò dá a padà? Wọn kò ní í dá a padà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ímeèlì. Bó bá tiẹ̀ pa á mọ́ títí dé òpin, nǹkan bí ₦16,500,000 ló kù.

NELFUND, ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, wà fún iléèwé ìjọba nìkan. Kò ní èlé, wọ́n ń san owó iléèwé tààrà fún iléèwé, wọ́n sì ń fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Ẹ̀yáwó ṣì ni o. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ó bá ti sìnrú ìlú tán ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. N kò kà á mọ́ owó tó wọlé.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìwé àti Law School, mo pa wọ́n rẹ́ ní apá méjèèjì nítorí iye kan náà ni. Àmọ́ owó Law School gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún karùn-ún, ní apá aládàáni kò sì sí ibi tí yóò ti wá.

Lẹ́yìn èyí a lọ wo iléèwé méjèèjì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń gbàlejò. A jókòó sẹ́yìn kíláàsì ọdún kìíní. Kíláàsì ìjọba kún dé ẹnu ọ̀nà. Ti aládàáni dákẹ́ rọ́rọ́, olùkọ́ sì ń pe ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, n kò sì fi í pamọ́ fún un. Ká ní gbogbo owó ẹ̀kọ́ ni wọ́n dárí rẹ̀ jì í, tàbí ká ní àwọn tó jáde ní ti ìjọba ṣì ń dúró nílé, ibòmíràn ni èmi ìbá tọ́ka sí.

Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ "Accept" fún ti ìjọba. A tẹ lẹ́tà JAMB jáde, ₦1,000. Alẹ́ ọjọ́ tí ojú òpó tí wọ́n ti ń gba ibùsùn inú ọgbà bá ṣí ló kù báyìí, wọ́n ní kì í pẹ́ tí yóò fi kún.